Màmá Àbẹ̀kẹ́, Aránṣọ Àwọn Onírọkabílì

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìsìnkú màmá mi àgbà pé "wọ́n fẹ́ràn láti máa ránṣọ." Gbólóhùn kan péré. Ó wà láàárín "wọ́n fẹ́ràn Ọlọ́run" àti "wọ́n fẹ́ràn àwọn ọmọ-ọmọ wọn." Mo kà á níbi tí mo jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Wakefield, inú bí mi débi pé ìwé náà rún mọ́ mi lọ́wọ́. Èèyàn lè fẹ́ràn bísíkíìtì. Màmá kò "fẹ́ràn" aṣọ rírán. Iṣẹ́ wọn ni. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n fi ṣe é, ní nǹkan bí ogún ọdún tó kẹ́yìn, àwọn onírọkabílì ìlú New York ni wọ́n ń ránṣọ fún. Bí ẹ bá rí olórin kan lórí ìtàgé ní Brooklyn, tí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bà lé e léjìká bí ẹyẹ ṣe ń bà sórí ẹ̀ka, ẹ bi í léèrè dáadáa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ Màmá.

Ìbínú yẹn ni mo fi ń kọ èyí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn àti ilé ìwé tí wọ́n lọ, kó lọ ka ìwé ètò náà.

Fún ẹni tí kò mọ rọkabílì: orin gìtá àtijọ́ kan ni ní Amẹ́ríkà níbí, orin tó ń sáré, tí bàsì onígi tó ga ju èèyàn lọ ń dún gbì-gbì lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kì í kàn gbọ́ ọ, wọ́n ń wọ̀ ọ́ sọ́rùn ni. Ọkùnrin á fi pómáàdì gbé irun iwájú orí rẹ̀ dúró bí ogbe àkùkọ, á wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ méjì tó fẹ̀ léjìká, bàtà rẹ̀ á nípọn lábẹ́. Obìnrin á wọ síkẹ́ẹ̀tì tó tẹ́ bí agboòrùn tí a ṣí, á so áńkáṣíìfù pupa mọ́rí. Láàárín wọn, ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bá gún, etí nìkan ni wọ́n máa fi gbọ́ orin rẹ̀, wọn kò ní dìde jó. Nítorí náà, aránṣọ wọn wà lára àwọn olórin, bí kò tilẹ̀ mọ gìtá ta.

Wakefield la ń gbé, lókè pátápátá ní Bronx, níbi tí ọkọ̀ ojú irin sọ́bùwéè nọ́ńbà tú ti ń bẹ̀rẹ̀. Flatbush ní Brooklyn ni Màmá ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ọkọ̀ kan náà ti ń parí. Àlọ pẹ́, àbọ̀ pẹ́, wọ́n sì ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣọ. Wọ́n á tẹ́ aṣọ sórí ẹsẹ̀, bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ sókè títí yóò fi fara balẹ̀, wọ́n á sì tún máa bá iṣẹ́ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo tẹ̀ lé wọn, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé abẹ́rẹ́ nínú ọkọ̀ léwu, pé ta ló fún wọn láyè. Màmá gbójú sókè. Wọ́n wo ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, etí rẹ̀ kan ti tú, ó ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n na abẹ́rẹ́ sí ibẹ̀, wọ́n fi ojú sọ fún un pé kó jókòó. Ó jókòó! Kí a tó dé àárín ìlú, wọ́n ti gán an fún un. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ tán, wọ́n yíjú sí mi: "Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ń tú kì í kìlọ̀ fún abẹ́rẹ́."

Kò sí aṣọ tí Màmá máa yìn láì kọ́kọ́ yí inú rẹ̀ síta. Wọ́n ti ṣe é ní ilé ìtajà ńlá, níwájú ẹ̀ṣọ́ tó ń tẹ̀ lé wa kiri bí ẹni pé olè ni wá. Wọ́n ti ṣe é fún ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Wọn kì í sì í ra tìmùtìmù èjìká tí àwọn télọ̀ ń fi sí jákẹ́ẹ̀tì. Ohun àtijọ́ ilé wa ni wọ́n ń gé fún un: táwẹ́ẹ̀lì tó ti gbó, súwẹ́tà tí mo ti dàgbà jù, aṣọ ìbora ọmọdé mi. Ẹni tó bá wọ jákẹ́ẹ̀tì Màmá, ilé wa ló gbé léjìká, kò kàn mọ̀ ni. Mọ́mì mi, ọmọ Màmá, bínú nígbà kan pé wọ́n ti gé aṣọ ìléwọ́ òun tó dára. Màmá ní: "Inú aṣọ ni ìwà aránṣọ wà. Ṣé o fẹ́ kí n fi ìwé ìròyìn sínú tèmi ni?"

Ìbàdàn ni wọ́n ti wá, níbi tí wọ́n ti ní ṣọ́ọ̀bù àti àwọn ọmọ iṣẹ́. Ìbí mi ni wọ́n bá wá, pé kí wọ́n bá Mọ́mì gbé mi jó fún oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta di gbogbo ayé. Nígbà tí mo wọ ilé ìwé, wọ́n gba iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ sì rán wọn lọ sọ́dọ̀ Walter ní Flatbush. Òyìnbó ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Nígbà èwe rẹ̀, ó ta gìtá rọkabílì káàkiri ìlú. Kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ kún fún jákẹ́ẹ̀tì ìtàgé tí kòkòrò ti jẹ. Kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gba Màmá fún pé kí wọ́n tún aṣọ ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò lè máa wo ihò lójú aṣọ. Wọ́n mú ọ̀kan lọ sílé, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan dí gbogbo ihò rẹ̀, wọ́n sì wọ̀ ọ́ fún un lórí àga rẹ̀. Walter sunkún. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá kí i rí jákẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn wá. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ti orin náà fúnra rẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Walter gbé e sí i fún wọn, ohun tí wọ́n bi í ni pé: "Orin yìí, ta ló ń lé e?"

Àwọn méjèèjì mọwọ́ ara wọn títí di ọjọ́ tí Màmá bi í pé ta ló kọ́ ọ ní gìtá. Walter sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní ọkùnrin dúdú kan tó ń gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní ìlú òun ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè yìí ni. Gbogbo Sátidé, ọkùnrin náà á jókòó lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, á máa gbé ìka ọmọdé òyìnbó náà síbi tó yẹ lórí okùn.

"Kí ni orúkọ rẹ̀?" Màmá bi í.

Walter ronú. "Ọ́ńkù la máa ń pè é."

"Ọ́ńkù kì í ṣe orúkọ. Àwa náà ń pe àgbà ní Bàbá, ṣùgbọ́n a mọ orúkọ rẹ̀, a sì mọ ilé tó ti jáde wá. Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Kò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin yìí ti fi orin tó kọ́ lọ́wọ́ ẹni yẹn jẹun, ó ti fi rìn káàkiri, ó ti fi wọ aṣọ oríṣiríṣi, kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni Màmá fi fún un ní oògùn àti oúnjẹ láì sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Walter fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ṣì wà ní ìlú náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Màmá sọ fún mi pé ó gbé fóònù náà kalẹ̀ sórí itan, kò sì lè gbójú sókè. Mo rò pé wọ́n máa ṣàánú rẹ̀. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní: "Ẹni tó fi ìka rẹ̀ tọ́ ìka rẹ sọ́nà, o jẹ́ kó sọnù."

N kò ní purọ́ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni Màmá. Wọ́n le. Wọ́n lè tú aṣọ tí o ti wọ̀ tán láti jáde, nítorí pé ojú rírán kan wọ́. Mo sì ti tijú wọn rí. Mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí wọ́n wá sí ìpàdé òbí ní ilé ìwé mi. Síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ yẹn ni wọ́n wọ̀, àti ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rán òdòdó pupa sí léjìká, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà ni wọ́n ti ń bọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi bi mí pé ta nìyẹn. Mo sọ ní òyìnbó pé aládùúgbò wa kan ni. Màmá gbọ́. A délé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n mu omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí: "Tóyìn, bí o bá máa sẹ́ mi, fi Yorùbá sẹ́ mi, kí n lè dá ọ lóhùn."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bá wọn sọ Yorùbá. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ fà á.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa kò mọ ohun tí wọ́n máa fi wọ́n ṣe. Nígbà ìkórè kan, Màmá ti pé ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n wọ síkẹ́ẹ̀tì pupa tí àmì funfun róbótó-róbótó kún inú rẹ̀, wọ́n sì jó dé iwájú pẹpẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ àwọn ọmọ ìta nìyí. Ẹ ti dàgbà kọjá irú èyí."

"Ta ló rán tìrẹ?" Màmá bi í.

"Mo rà á ni, Mà."

"Mo mọ̀. Ó ń fà ọ́ lábíyá." Wọ́n sì fi kún un pé: "Ọlọ́run tó kun òdòdó ní pupa kò béèrè ọjọ́ orí rẹ̀."

Ìyá ìjọ yẹn kan náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìsìnkú. Àwọn onírọkabílì bíi méjìlá wá láti Brooklyn, irun wọn dúró ṣánṣán, jákẹ́ẹ̀tì wọn ń dán, gbogbo rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó wà nínú pósí. Obìnrin náà ní kí wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí wọ́n má ba fọ́tò jẹ́. Mo dìde láti lọ bá a. Mọ́mì mi ti ṣáájú mi débẹ̀. Mọ́mì tó fi ogún ọdún ṣàròyé nípa òwú lórí kápẹ́ẹ̀tì! Mọ́mì tó ní iṣẹ́ yìí ń dójú ti òun níwájú àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ òun! Wọ́n di ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ mú, wọ́n kó gbogbo wọn lọ síwájú, sórí ìjókòó ẹbí. Wọ́n sọ fún obìnrin náà, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́: "Èmi kò wọ aṣọ tí ìyá mi rán wá síbí lónìí. Àwọn wọ̀ ọ́. Ta ló yẹ kó jókòó sẹ́yìn?"

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n fi rántí Màmá ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan, ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Denise ní Brooklyn. Aṣọ àtijọ́ ló ń tà fún àwọn onírọkabílì. Lẹ́yìn tí Walter kú, Denise ló ń gba jákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Màmá jù lọ. Kò sí èyí tí wọ́n gbé lọ fún un rí tí wọn kò rán orúkọ wọn mọ́ inú ọrùn rẹ̀, lórí aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan.

Orúnkún ń dùn wọ́n lọ́jọ́ náà, mo sì bá wọn gbé àpò. Ọmọbìnrin kan dúró níwájú dígí, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú tí ọrùn rẹ̀ pupa. Marisol lorúkọ rẹ̀, bàsì ló ń ta. Màmá rẹ́rìn-ín, nítorí pé wọ́n mọ iṣẹ́ wọn bí ìyá ṣe ń mọ ọmọ láti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí páálí kékeré tó rọ̀ mọ́ apá jákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kí n kà á. Mo kà á sí wọn létí ní Yorùbá: "Ojúlówó aṣọ àtijọ́. Ilé olóògbé kan ni a ti rí i. A kò mọ ẹni tó rán an."

Màmá tọ ọmọ náà lọ, wọ́n tọrọ àyè, wọ́n yí ọrùn jákẹ́ẹ̀tì náà síta. Orúkọ wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ojú abẹ́rẹ́ nìkan ló kù.

"Denise," wọ́n pè é, "ta ló rán èyí?"

Denise rẹ́rìn-ín. "Comfort, jọ̀ọ́, tó bá yá. Mo ní oníbàárà."

Denise kéré sí Mọ́mì mi, orúkọ ìyá àgbà mi ló sì ń pè gbàǹgbà bẹ́ẹ̀.

"Mo ní ta ló rán an?"

"Ó yẹ kó yé ọ," Denise sọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn èèyàn kò fẹ́ aṣọ tuntun. Aṣọ tó ní ìtàn ni wọ́n ń wá."

"Èmi kò ní ìtàn?"

Mo di apá wọn mú, mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ó ń dùn mí títí di òní pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Màmá ní kí Marisol bá wọn bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n jókòó, wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n mú abẹ kékeré tí wọ́n fi ń tú ojú rírán jáde nínú pọ́ọ̀sì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú apá òsì rẹ̀. Denise kígbe. Ó ní òun máa pe ọlọ́pàá. Màmá kò gbójú sókè. Apá náà já bọ́. Wọ́n ti ìka méjì bọ èjìká, wọ́n fa tìmùtìmù rẹ̀ jáde, wọ́n tú u, wọ́n sì nà án sí mi.

"Ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè."

Aṣọ ìbora yẹ́lò ni, èyí tí mo fi ń sùn lọ́sàn-án ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Wọ́n ti fi òwú búlúù rán orúkọ mi sí i nígbà yẹn, kí ọmọ ẹlòmíràn má bàa gbé e.

"Tóyìn," ni mo kà.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Mà."

"Sọ fún wọn ní òyìnbó. Kí o sì bi wọ́n bóyá olóògbé tí wọ́n ń sọ yẹn ló bí ọ."

Mo sọ ọ́. Marisol ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ojú Denise pọ́n. Ó ní, "O ti ba aṣọ náà jẹ́."

"Mo mọ bí mo ṣe máa dá a padà," Màmá fèsì. "Ṣé ìwọ mọ̀ ọ́n?"

Wọ́n tún tìmùtìmù náà dì, wọ́n fi ọwọ́ rán apá jákẹ́ẹ̀tì padà sí àyè rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó jáde. Àwọn ọkùnrin tí irun wọn ga bí ogiri dúró yí wọn ká. Nígbà tó parí, wọ́n fi eyín gé òwú, wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì náà fún Marisol, wọ́n sì fi ọwọ́ tẹ́ èjìká rẹ̀. "Ẹni tó rán an kò tíì kú," wọ́n sọ fún un. "Èjìká òsì rẹ sì rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Wá sí Wakefield, màá tún un ṣe."

Denise kò gba aṣọ lọ́wọ́ wọn mọ́ láéláé, kò sì tọrọ àforíjì. Marisol wá sí Wakefield, ó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, títí yàrá wa fi ń rùn fún pómáàdì. Nígbà tí Màmá kú, ṣọ́ọ̀bù Denise gbé fọ́tò wọn sórí Instagram, wọ́n pè wọ́n ní "Comfort wa, olùrànlọ́wọ́ wa ọ̀wọ́n." Mo kọ òtítọ́ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n pa á rẹ́. Mo tún un kọ. Wọ́n tún pa á rẹ́. Mi ò tíì dẹ̀yìn.

Rọpárọsẹ̀ ló mú Màmá lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Apá ọ̀tún, apá iṣẹ́ wọn, ló kọ́kọ́ kú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta nílé ìwòsàn, dókítà ọ̀dọ́ kan wọlé láti mọ̀ bóyá ọpọlọ wọn ṣì pé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn, ó ń pariwo bí ẹni ń pe èèyàn láti òdìkejì títì.

"Sọ fún un pé etí kọ́ ló ń ṣe mí," Màmá sọ fún mi. Ẹnu wọn ti wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yé mi.

Dókítà rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní kí ni orúkọ wọn.

"Comfort Àbẹ̀kẹ́ Ọláníyọnu."

Ó kọ "Comfort" sínú ìwé rẹ̀, ó sì ṣí ẹnu láti béèrè ọdún tí a wà. Màmá na ọwọ́ òsì sí ìwé náà.

"Kò tíì parí."

Mo ṣàlàyé fún un. Ojú tì í, ó na bírò sí mi pé kí n bá òun kọ ìyókù. Mo ti fẹ́ gbà á. Màmá mi orí: rárá, òun ló béèrè, kí ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo wá ń pe lẹ́tà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ, Màmá ń wo ẹnu bírò bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ iṣẹ́ tuntun, títí ó fi kọ èyí tó kẹ́yìn, tó sì fi àmì sábẹ́ gbogbo ibi tó yẹ.

Nígbà náà ni wọ́n gbé orí lé ìrọ̀rí.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Jẹ́ kó máa béèrè ìbéèrè rẹ̀."